Bí A Ṣe Ń Yan Òṣùwọ̀n Olówó Pọ́ọ́kú fún Ọkọ̀ Ìdíje Oní-rìmóòtù

Bí ọkọ̀ rìmóòtù yín bá ń gba kọ́nà ọ̀tún wẹ́rẹ́ ṣùgbọ́n tí ìdí rẹ̀ ń yọ̀ ní kọ́nà òsì, tàbí tó ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹ bá ti tẹ bíréèkì, ẹ má tíì di ẹ̀bi náà ru táyà. Ó ṣeé ṣe kí ẹrù tó wà lórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin má dọ́gba. Ojú kò lè rí èyí, ọwọ́ kò sì lè gbé e mọ̀. Òṣùwọ̀n ló lè sọ ọ́.

Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń ta òṣùwọ̀n mẹ́rin-mẹ́rin tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ yìí, tí èsì rẹ̀ ń jáde lójú fóònù pẹ̀lú gbogbo ìṣirò. Ó dára, ṣùgbọ́n ó gbówó lórí. Ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ ra táyà àti bátìrì lè má fẹ́ fi irú owó bẹ́ẹ̀ ra ohun tí kò ní gbé sórí ọkọ̀. Mo ti ń fi òṣùwọ̀n ilé ìdáná ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́, ohun tí mo sì mọ̀ dájú ni pé òṣùwọ̀n olówó pọ́ọ́kú mẹ́rin tí ohùn wọn ṣọ̀kan, tí wọ́n dúró lórí ibi tó tẹ́ pẹrẹsẹ, yóò ṣe é débi tí ẹ kò fi ní wá òṣùwọ̀n olówó gọbọi lọ. Gbogbo wàhálà tó kù wà nínú bí a ṣe ń mọ òṣùwọ̀n tí ohùn wọn ṣọ̀kan, àti bí a ṣe ń mọ ibi tó tẹ́jú lóòótọ́.

Kí là ń wọ̀n gan-an?

Nǹkan mẹ́ta ni. Èkíní ni ẹrù iwájú sí ẹrù ẹ̀yìn. Èkejì ni ẹ̀gbẹ́ òsì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ẹ̀kẹta ni igun sí igun: ẹ ó ro ẹrù táyà iwájú ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti ẹ̀yìn òsì, ẹ ó sì fi wé ti iwájú òsì pẹ̀lú ẹ̀yìn ọ̀tún.

Ibi tí bátìrì, ẹ̀ńjìnnì àti àwọn ẹ̀yà wíwúwo jókòó sí lórí ṣásí ló ń pinnu méjì àkọ́kọ́. Kò sí bí ẹ ṣe lè yí sípíríìngì tí ẹ̀gbẹ́ òsì lápapọ̀ á fi fúyẹ́; àfi kí nǹkan kan ṣí kúrò níbi tó wà.

Ẹ̀kẹta ló ń dààmú èèyàn. Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ohun tó bá dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta kì í mì, bó ti wù kí ilẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ kẹrin ló ń mú ọ̀rọ̀ wá: bó bá fi díẹ̀ gùn jù, òun àti èyí tó dojú kọ ọ́ ní igun kejì á gba ẹrù lé ẹrù, méjì yòókù á sì fúyẹ́. Bí ọkọ̀ wa ṣe rí nìyẹn. Sípíríìngì kan tí wọ́n fún jù, ṣọ́ọ̀kì kan tó gùn ju ìkejì rẹ̀ lọ, tàbí ṣásí tó lọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ forí sọ ògiri, èyíkéyìí nínú wọn lè gbé ẹrù láti igun kan sí èkejì láìjẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ òsì tàbí ọ̀tún yí padà.

Ẹ wo ọkọ̀ 1/10 kan (ìyẹn èyí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ti ọkọ̀ gidi) tó ń sáré lórí títì ọlọ́dà. Iwájú òsì jẹ́ 338 gíráàmù, iwájú ọ̀tún 322, ẹ̀yìn òsì 336, ẹ̀yìn ọ̀tún 354. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,350. Òsì jẹ́ 674, ọ̀tún jẹ́ 676. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á ní ọkọ̀ yìí dọ́gba. Ṣùgbọ́n iwájú ọ̀tún àti ẹ̀yìn òsì jẹ́ 658, igun kejì sì jẹ́ 692. Ẹ fi 1,350 pín 658, ẹ ó rí 48.7%, nígbà tó yẹ kó jẹ́ 50%. Ọkọ̀ yìí kò ní gba kọ́nà ọ̀tún bó ṣe ń gba ti òsì. Ẹ fi nọ́ńbà wọ̀nyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

(Àwọn tó ń sáré yípo sí òsì nìkan lórí pápá róbótó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gbé ẹrù sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Ọ̀nà tiwọn yàtọ̀, àmọ́ òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n nílò.)

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ẹrù táyà kan kí ẹ tó ra ohunkóhun

Ẹ gbé ọkọ̀ náà sórí òṣùwọ̀n kan lódindi, kí bátìrì àti bọ́dì wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì fi 4 pín in. Ọkọ̀ 1/12 tó ṣe pẹlẹbẹ máa ń fún táyà kan ní nǹkan bí 200 gíráàmù. Ọkọ̀ 1/10 orí títì máa ń wà láàárín 1.3 sí 1.4 kílò, ìyẹn ni nǹkan bí 340 fún táyà kan. Ọkọ̀ 1/8 tó ń sáré lórí iyẹ̀pẹ̀ lè tó 3 sí 4 kílò, nítorí náà táyà kan lè gbé kílò 1.

Òṣùwọ̀n tí ẹ máa rà gbọ́dọ̀ lè gbé ó kéré tán ìlọ́po méjì iye yẹn. Ìdí rẹ̀ ni pé a máa ń fi ọwọ́ tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kí ṣọ́ọ̀kì lè jókòó kí a tó ka nọ́ńbà. Òṣùwọ̀n kékeré àpò tí agbára rẹ̀ kò ju 500 gíráàmù lọ lè gbé táyà ọkọ̀ 1/10 ní ìrọ̀rùn, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́ jù, irin inú rẹ̀ á tẹ̀, kò sì ní padà bọ̀ sípò mọ́. Á ṣì máa gbé nọ́ńbà jáde, àmọ́ irọ́ ló ń pa. Fún 1/10, ẹ wá èyí tó gbé kílò 1 tàbí 2. Fún 1/8, ẹ wá èyí tó gbé kílò 3 tàbí 5.

Ní ti bí nọ́ńbà rẹ̀ ṣe lè kéré tó, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tajà fi 0.1 gíráàmù fa ojú yín mọ́ra. Gíráàmù 1 nínú 340 kò tó 0.3%. Èyí tó ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan tó fún 1/10 àti 1/8. Ọkọ̀ 1/12 nìkan ni mo máa ní kí ẹ wá 0.5 tàbí 0.1 fún. Èyí tó ń ka 0.1 á máa gbọ̀n bí fáànù bá fẹ́ sí i tàbí bí ẹnì kan bá fara kan tábìlì, ẹ ó sì máa dúró de nọ́ńbà tí kò fẹ́ dúró.

Ìgbésẹ̀ kejì: irú èyí tó yẹ, àti irú èyí tí ẹ máa fi sílẹ̀

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni òṣùwọ̀n pẹlẹbẹ ilé ìdáná, èyí tó ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan. Ó wà káàkiri, àwo rẹ̀ gbòòrò tó fún táyà, kò sì ga. Òṣùwọ̀n àpò tí àwọn tó ń ta wúrà ń lò dára fún ọkọ̀ kékeré, àmọ́ ẹ yẹ ìdérí rẹ̀ wò: bí ìdérí náà bá dúró gangan lẹ́yìn, á kan bọ́dì tàbí ṣásí. Ẹ fi òṣùwọ̀n tí èèyàn ń gùn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń fo 100 gíráàmù lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi èyí tí wọ́n ń fi ìkọ́ gbé nǹkan kọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú èyí tó ní ọwọ́ bíi ti aago.

Ẹ mú rúlà dání lọ sí ọjà. Lórí ọkọ̀ 1/10 orí títì, láti àárín táyà òsì sí àárín táyà ọ̀tún kò ju nǹkan bí 165 mìlímítà lọ. Ọ̀pọ̀ òṣùwọ̀n ilé ìdáná fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á fara gbára, táyà á sì bọ́ sí etí àwo. Bí òṣùwọ̀n kan bá kan èkejì rẹ̀, nọ́ńbà méjèèjì ti bàjẹ́ nìyẹn, nítorí wọ́n ń ti ara wọn. Ẹ wọn ọkọ̀ yín nílé, ẹ kọ iye náà sílẹ̀, kí ẹ fi wọn òṣùwọ̀n kí ẹ tó sanwó.

Gíga tún ń bẹ. Ìdí ṣásí ọkọ̀ orí títì kì í sábà ga ju mìlímítà 5 sí 6 lọ sí ilẹ̀. Bí ibi tí nọ́ńbà ń hàn bá yọ sókè ju àwo lọ, tí ẹ sì yí i sínú, ṣásí á gùn ún, ẹrù á sì gba ibẹ̀ lọ. Ojú òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ kọ sí ìta, kí àwo wà ní abẹ́ táyà, kí ohunkóhun mìíràn má fara kan ọkọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè nípa bó ṣe ń kú fúnra rẹ̀. Púpọ̀ nínú òṣùwọ̀n olówó pọ́ọ́kú máa ń pa ara wọn lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi méjì kí bátìrì má bàa tán. Bí ẹ ṣe ń yí sípíríìngì lọ́wọ́ ni ọ̀kan máa kú, tí ẹ bá sì tún un tàn pẹ̀lú ọkọ̀ lórí rẹ̀, á pe ẹrù náà ní òdo. Gbogbo ohun tí ẹ ti ṣe á dàrú, ẹ ó gbé ọkọ̀ kúrò, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wá èyí tí a lè pa àṣà yẹn lórí rẹ̀, tàbí èyí tó ń fi wáyà USB gba iná, bí ẹ bá ti rí i pé kì í tètè kú. Èyí tó ń di nọ́ńbà mú lẹ́yìn tó bá ti kà á lẹ́ẹ̀kan kò wúlò fún wa rárá. A fẹ́ rí i bí ó ṣe ń yí.

Kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ irú kan náà, kí ẹ rà wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ra méjì lónìí tó ní òun á ra méjì yòókù lóṣù tó ń bọ̀ lè rí i pé ilé iṣẹ́ náà ti yí ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, tí gíga rẹ̀ sì ti fi mìlímítà kan yàtọ̀. Ẹ ó rí ohun tí mìlímítà kan lè ṣe láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ dán wọn wò kí ọjọ́ ìdápadà tó kọjá

Ẹ lẹ tépù mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ 1 dé 4 sí i. Ẹ wá ohun kan tó wúwo tó táyà kan. Fún 1/10, ìgò omi tó ní ìdérí, tí ẹ bu omi sí títí tó fi tó nǹkan bí 340 gíráàmù, dára gan-an. Ẹ tan òṣùwọ̀n, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ wá ṣe báyìí:

1. Ẹ gbé ìgò kan náà sí àárín àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Bí wọn kò bá fi ju gíráàmù 1 yàtọ̀ síra, ó dára. Gíráàmù 2, mo lè gbà á. Tó bá di 3, mo máa ń dá èyí tó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ padà.
2. Ẹ gbé ìgò sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwo kan náà. Táyà kì í sábà bọ́ sí àárín gẹ́lẹ́, nítorí náà òṣùwọ̀n tí nọ́ńbà rẹ̀ ń yí bí ẹrù bá sún sí etí á fi yín ṣeré.
3. Ẹ gbé e sókè, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ìgbà mẹ́wàá. Nọ́ńbà kan náà ló yẹ kó máa padà wá.
4. Ẹ fi í sílẹ̀ lórí àwo fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn kan máa ń rọra gun òkè tàbí sọ̀ kalẹ̀ bí ẹrù ṣe ń pẹ́ lórí wọn.

Ìdánwò kejì yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò, bẹ́ẹ̀ òun ló ń fi àlébù òṣùwọ̀n olówó pọ́ọ́kú hàn jù. Mo ti rí ọ̀kan tó tọ́ ní àárín, tó tọ́ ní igun mẹ́ta, ṣùgbọ́n tó dín gíráàmù 6 ní igun kan ṣoṣo. Ká ní mi ò dán an wò, gbogbo ọjọ́ tí táyà bá bọ́ sí igun yẹn ni ǹ bá máa tún sípíríìngì tí kò ṣẹ̀.

Bí ọ̀kan bá ń fi gíráàmù 2 lé ní gbogbo ìgbà, láìyí padà, ẹ kọ "yọ 2" sára tépù rẹ̀ kí ẹ máa yọ ọ́. Òṣùwọ̀n tó ń ṣi kíkà ní ọ̀nà kan náà ṣeé bá gbé. Èyí tó ń ṣi í lónírúurú ọ̀nà kò ṣeé bá gbé. Bó bá sì ní ọ̀nà tí a lè gbà tún un tò, ẹ lo irin òṣùwọ̀n tí wọ́n kọ iye rẹ̀ sí lára, irú èyí tí ìwé rẹ̀ béèrè. Ẹ má fi ìgò omi tún un tò láé.

Ní ìparí, ẹ gbé ọkọ̀ sórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ ro nọ́ńbà pọ̀, kí ẹ fi wé iye tí ọkọ̀ náà wúwo lódindi lórí òṣùwọ̀n tó lágbára tó o. Ó yẹ kí wọ́n sún mọ́ra gan-an. Bí àpapọ̀ bá dín púpọ̀, nǹkan kan ń gbé ọkọ̀ níbòmíràn, bóyá ṣásí ti gun etí òṣùwọ̀n kan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ibi tí ẹ máa gbé wọn sí

Apá yìí ṣe pàtàkì ju irú òṣùwọ̀n tí ẹ rà lọ.

Ká ní sípíríìngì, bó ṣe ń dé etí táyà, ń béèrè nǹkan bí 100 gíráàmù kó tó wọlé ní mìlímítà 1. Bí àwo kan bá fi mìlímítà 1 ga ju mẹ́ta yòókù lọ, ọkọ̀ á pín gíga yẹn sí mẹ́rin. Gíráàmù 25 á gorí táyà yẹn, 25 á gorí èyí tó wà ní igun tó dojú kọ ọ́, 25 á sì kúrò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan méjì yòókù. Igun kan ti fi 50 lé nìyẹn nínú 1,350, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4%. Ọkọ̀ àpẹẹrẹ wa fi 1.3% péré yà. Ìdá mẹ́ta mìlímítà kan lábẹ́ òṣùwọ̀n kan ti tó láti dá irú àrùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lára ọkọ̀ tí ara rẹ̀ le.

Nítorí náà, ẹ wá ohun tó tẹ́jú: gíláàsì tó nípọn, òkúta dídán, tàbí pákó tí ẹ mọ̀ pé kò lọ́. Ẹ fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì bíríkìlà yẹ̀ ẹ́ wò ní gígùn, ní ìbú, àti láti igun sí igun. Ẹ wá to òṣùwọ̀n sórí rẹ̀ bí táyà ṣe tò, kí ẹ gbé gíláàsì mìíràn tó le, tí kò wúwo jù, lé àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí. Ẹ fi ìka tẹ igun kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń ta pọ́n-pọ́n, àwo kan kúrú. Ẹ máa ki bébà bọ àlàfo tó wà láàárín àwo yẹn àti gíláàsì títí tí kò fi ní mì mọ́. Bébà tí wọ́n fi ń tẹ̀wé nípọn tó nǹkan bí 0.1 mìlímítà, torí náà bébà mẹ́ta jẹ́ 0.3. Ẹ yọ wọ́n, ẹ fi iye kan náà sí abẹ́ gbogbo ẹsẹ̀ òṣùwọ̀n yẹn, kí ẹ tún un dán wò. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ṣe èyí, bébà mẹ́rin ni òṣùwọ̀n kẹta gbà kí gíláàsì tó dákẹ́.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí ẹ bá yí ọkọ̀ padà, kí imú rẹ̀ kọ sí ibi tí ìdí rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, ẹ ó mọ̀ bóyá tábìlì ló ń parọ́ tàbí ọkọ̀. Fún òsì sí ọ̀tún àti iwájú sí ẹ̀yìn, òótọ́ ni. Fún igun sí igun, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá yí ọkọ̀ padà bẹ́ẹ̀, táyà iwájú ọ̀tún á bọ́ sí ibi tí ẹ̀yìn òsì wà, ẹ̀yìn òsì á bọ́ sí ipò iwájú ọ̀tún. Igun kan náà ṣì wà lórí òṣùwọ̀n méjì kan náà, àbùkù tábìlì á sì fi ara rẹ̀ hàn bí àbùkù ọkọ̀. Odindi ìrọ̀lẹ́ kan ni mo fi ń lé 3% kiri lára ọkọ̀ mi nítorí mo gba ìdánwò yẹn gbọ́. Mo tú ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo tún wọn dì, nígbà tó jẹ́ tábìlì ló lọ́. Ohun tó ń tú àṣírí tábìlì ni kí ẹ yí gbogbo ètò náà ní ìdajì ìyẹn, kí imú ọkọ̀ kọ sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, kí ẹ sì tún òṣùwọ̀n tò sábẹ́ táyà. Ní báyìí, igun tó ga lára tábìlì á bọ́ sí abẹ́ igun kejì ọkọ̀. Bí 48.7% bá di 51.3%, tábìlì ni. Bí kò bá yí, ọkọ̀ tàbí òṣùwọ̀n ni. Láti mọ̀ bóyá gíga òṣùwọ̀n ni, ẹ pààrọ̀ òṣùwọ̀n iwájú méjèèjì fún ara wọn, kí ẹ pààrọ̀ ti ẹ̀yìn bákan náà.

Bí owó bá mọ ní òṣùwọ̀n kan

Ó ṣeé ṣe. Ẹ wá pákó mẹ́ta tí gíga wọn bá ti òṣùwọ̀n náà mu gẹ́lẹ́ nígbà tí ẹrù wà lórí rẹ̀, kí ẹ lo bébà láti mú wọn dọ́gba. Gbé òṣùwọ̀n sábẹ́ táyà kan, pákó sábẹ́ mẹ́ta yòókù, ẹ kà á, kí ẹ sún un lọ sí táyà tó kàn. Ó gba sùúrù, ẹ ó sì kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹta-mẹ́ta. Bí àpapọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti bá ìwúwo ọkọ̀ lódindi mu, ẹ lè fọkàn tán an.

Fún òsì sí ọ̀tún nìkan, ẹ lè má tilẹ̀ nílò òṣùwọ̀n. Ọ̀pọ̀ ṣásí ní ihò kékeré méjì lójú ìlà àárín, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹ gbé e lé ṣóńṣó méjì níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tó wúwo á sọ̀ kalẹ̀.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n jó wáyà lè ṣe tirẹ̀ fúnra rẹ̀: load cell (irin tó ń mọ ìwúwo) mẹ́rin tó gbé kílò 1 tàbí 2, HX711 (ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ àmì load cell di nọ́ńbà) mẹ́rin, àti Arduino (kọ̀ǹpútà kékeré) kan tó ń ka gbogbo wọn papọ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kì í kú láàárín iṣẹ́, ẹ sì lè ní kó ṣe ìṣirò igun sí igun lójú kan náà. Ìpèníjà rẹ̀ ni ibi tí ẹ máa kan irin náà mọ́: ìdí kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ dè mọ́ ìpìlẹ̀, kí ìdí kejì tó gbé àwo wà ní òfìfo kó lè tẹ̀. Bí ohunkóhun bá kàn án lábẹ́, kò ní kà dáadáa. Bí ẹ kò bá tíì ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ ra ti ilé ìdáná, kí ẹ lọ sáré.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọjọ́ tí ẹ máa wọ̀n ọ́n

Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà bó ṣe máa wà lórí pápá: bátìrì, bọ́dì, àti ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ìyípo. Bó bá jẹ́ èyí tó ń mu epo, ẹ bu ìdajì epo sí táǹkì, kí ẹ máa lo ìdajì náà ní gbogbo ìgbà. Ẹ wọn fífẹ̀ táyà òsì àti ọ̀tún láti òkè dé ìsàlẹ̀, pàápàá táyà fóòmù tó máa ń jẹ. Ẹ fi àwọn ṣọ́ọ̀kì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí gígùn wọn bá ara mu ní méjì-méjì. Ẹ tú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó so òsì mọ́ ọ̀tún, anti-roll bar, níwájú àti lẹ́yìn, torí òun náà lè gbé ẹrù sí igun láìjẹ́ kí ẹ mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ẹ tan rìmóòtù àti ọkọ̀ kí táyà iwájú lè dúró gangan. Táyà tó yí díẹ̀ ń ti ẹrù sí ẹ̀gbẹ́.

Ẹ dá òṣùwọ̀n padà sí òdo, ẹ gbé ọkọ̀ lé e. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn ní ìgbà mẹ́ta, kí ẹ fi í sílẹ̀. Táyà rọ́bà máa ń di àwo mú, kì í jẹ́ kí apá ṣọ́ọ̀kì nà tán, nítorí náà mo máa ń fi abala ọ̀rá náílọ́ọ̀nù yíyọ̀ méjì tó gun ara wọn sábẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan kí ó lè rìn síta fúnra rẹ̀. Ẹ ka nọ́ńbà. Ẹ gbé ọkọ̀ kúrò, ẹ tún un gbé lé e, ní ìgbà márùn-ún. Bí nọ́ńbà táyà kan bá ń fò láti ìgbà kan sí èkejì, ẹ wá ibi tí ìsopọ̀ kan ti há lára ọkọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan sípíríìngì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí a ṣe ń tún un ṣe

Òsì àti ọ̀tún ló ń ṣáájú. Ẹ fi gígùn tó wà láàárín táyà méjèèjì ṣe ìṣirò: bátìrì 250 gíráàmù tí ẹ bá sún ní mìlímítà 4 sí ọ̀tún, lórí ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ jìnnà síra ní 165, á mú nǹkan bí gíráàmù 6 kúrò ní òsì, á sì fi 6 yẹn lé ọ̀tún. Bí ọkọ̀ kò bá tíì pé ìwúwo tí òfin ìdíje béèrè, ẹ lo òjé. Òjé gíráàmù 10, tí ẹ lẹ̀ mọ́ mìlímítà 60 sí àárín, á fi nǹkan bí 8.6 lé ẹ̀gbẹ́ yẹn, á fi 1.4 lé èkejì. Bí ìyàtọ̀ òsì àti ọ̀tún kò bá ju gíráàmù 5 lọ lórí 1/10, èmi máa ń dúró.

Igun sí igun ló kàn. Kí ẹ tó yí sípíríìngì, ẹ wo ṣásí. Ẹ dẹ àwọn síkúrúù pátákó òkè ṣásí, ẹ gbé ọkọ̀ lé gíláàsì, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó sùn dáadáa, kí ẹ wá máa fún wọn padà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fo láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́. Ẹ tún un wọ̀n. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ibẹ̀ ti ń parí.

Bó bá ṣì kù, ẹ padà sí ọkọ̀ àpẹẹrẹ wa. Iwájú ọ̀tún àti ẹ̀yìn òsì ló fúyẹ́. Ẹ fún òrùka tó ń ti sípíríìngì méjì yẹn ní ìdá mẹ́rin ìyípo kan, kí ẹ dẹ iwájú òsì àti ẹ̀yìn ọ̀tún ní iye kan náà. Nípa bẹ́ẹ̀, gíga ọkọ̀ sí ilẹ̀ kò ní yí lápapọ̀. Ẹ tẹ ọkọ̀, ẹ kà á. Bí igun náà bá ti wọ àárín 49.5% sí 50.5%, ó tó.

Ẹ wá so anti-roll bar padà, ti iwájú lákọ̀ọ́kọ́. Nọ́ńbà kò gbọ́dọ̀ yí. Bó bá yí, ìsopọ̀ ẹ̀gbẹ́ kan gùn ju èkejì lọ. Ẹ yí i ní ìdajì-ìdajì títí òṣùwọ̀n á fi padà sí ohun tó wà kí ẹ tó so ó. Ẹ ṣe ti ẹ̀yìn bákan náà. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́, kí ẹ kọ ibi tí òrùka sípíríìngì kọ̀ọ̀kan wà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ bátìrì òṣùwọ̀n, kí ẹ má sì to wọn léra wọn tàbí gbé ohunkóhun lé àwo wọn níbi tí ẹ bá kó wọn sí.